Ìmọ̀ Ìtàn àti Ìran Ọjọ́ Iwájú: Ohun tí Ogun Kírìjì Lè Kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèjà ẹ̀kọ́ ìtàn ló máa ń sọ pé ìtàn ń fún ènìyàn ní ìwúrí. Wọ́n á to orúkọ àwọn akọni, wọ́n á ní kí ọmọ mọ̀ pé àwọn baba ńlá òun kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, ṣì ń sọ pé ìtàn àwọn òyìnbó tó wá sí Áfíríkà nìkan ló wà láti kọ́ni, òkùnkùn ni ìyókù. Bẹ́ẹ̀ Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, ti tẹ ìwé ìtàn jáde láti 1956, J. F. Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, náà sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Síbẹ̀, ìwúrí nìkan kì í tún ìlú ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn wúlò fún ọjọ́ iwájú nígbà tó bá jẹ́ kí a rí bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: ta ló kọ́kọ́ kọ̀, ta ló sanwó, ibi tí wọ́n ti ṣubú, àti àdéhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀. Ìtàn tí a gé kù sí oríkì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi kọ ìṣàkóso Ìbàdàn, ló sún mọ́ wa jù. Kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú ìjọba Ìbàdàn, wà káàkiri ìlú Èkìtì, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ìlú ló ń bọ́ àwọn àti ọmọ ẹ̀yìn wọn, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń ṣe sí ẹrù àti ìyàwó ẹni. Ní 1878, Fábùnmi, jagunjagun Òkèmẹ̀sí, kọjú idà sí àwọn ará ilé ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, láti orí Fábùnmi ni a ó ti fò lọ sí ìṣẹ́gun. Àárín tí a fò yẹn ni ìtàn wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 kan náà, Ìbàdàn fọ́ àjọṣe Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìlá àti Ìlọrin yángá ní Ìkìrun. Odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ogun Jálumi. Lẹ́yìn ìṣubú yẹn ni wọ́n tún ara wọn kó jọ, tí wọ́n sì rọ Ògèdèǹgbé Iléṣà títí tó fi gbà láti ṣáájú. Ìbàdàn ti mú Ògèdèǹgbé lẹ́rú rí, àárín wọn ló ti kọ́ ogun jíjà, òun fúnra rẹ̀ sì ti kó ẹrú ní ilẹ̀ Èkìtì àti Àkókó. Àwọn tó ní kó wá ṣáájú mọ gbogbo èyí. Wọ́n rò ó, wọ́n sì mú un. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó ti gba òmìnira, tí wọ́n padà wálé láti Sàró àti Bùràsíìlì, dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń kó owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí ibùdó, nígbà tí púpọ̀ nínú ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ti ẹ̀tù bọ ṣakabùlà láti ẹnu. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè ni ogun náà fi gba orúkọ.

Ẹni tó mọ Fábùnmi nìkan yóò máa retí Fábùnmi mìíràn. Ẹni tó mọ Jálumi, tó mọ irú ẹni tí Ògèdèǹgbé jẹ́, tó sì mọ ibi tí owó ìbọn ti wá, ohun mìíràn ni yóò máa wá: àwọn tí yóò bá jókòó, ohun tí oníkálukú lè mú wá, àti bí a ṣe lè bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tán ṣiṣẹ́ láì tan ara wa. Ìwé ìtàn S. A. Akíntóyè tó jáde ní 1971 jẹ́ kó yé wa pé ìjọba kéékèèké tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìlú Èkìtì kí Ìbàdàn tó borí wọn. Ajerò ní Ìjerò ń ṣe tirẹ̀, Alárá ní Àrámọ̀kọ ń ṣe tirẹ̀, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n ń ṣe tirẹ̀; ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣubú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn olóṣèlú wa máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ni ìṣọ̀kan Èkìtì ti já bọ́. Ènìyàn ló jókòó ṣe é, nínú ìpọ́njú. Ẹni tó bá mọ èyí mọ̀ pé ó lè tú, ó sì mọ̀ pé a tún lè so ó.

Àwọn kan yóò ní ìtàn ń ṣí egbò. Ẹ wo ẹjọ́ oyè àti ààlà ilẹ̀, wọ́n á ní, ìtàn ni gbogbo wọn fi ń jà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àdéhùn àlàáfíà Kírìjì ti 1886, tí àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips sáré sókè sódò lé lórí. Ó ní Èkìtì dòmìnira. Ó ní Aláàfin Ọ̀yọ́ àti Ọwá Iléṣà yóò wà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó fi Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbàjọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ sì lè kúrò. Ó tún ní kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ tó fẹ́ wà pẹ̀lú Ìbàdàn kó lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà. Apá ìkẹyìn yìí kò rí ṣe. Wọ́n tú Mọdákẹ́kẹ́ ká ní 1909, àwọn ènìyàn padà ní 1922, ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ sì tún bẹ́ ní 1981 àti láti 1997. Kì í ṣe kíka àdéhùn ló dá ìjà yẹn sílẹ̀. Apá kan tí wọ́n kọ tí wọn kò ṣe, tí ìran tó tẹ̀lé e kò sì jọ jókòó tú, ló ń padà wá. Ìwòsàn ẹjọ́ oyè ni kí a gbé ìtàn ìlú púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, 1921 ló tó jáde. Òjíṣẹ́ Aláàfin ni, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo púpọ̀. Kí a kà á pọ̀ mọ́ ti Akíntóyè, kí a sì bi àwọn àgbà Òkèmẹ̀sí léèrè.

Ẹlòmíràn á ní ebi ń pa wá, kọ̀ǹpútà ló kàn. Èmi kò rí ìjà láàárín ìtàn àti kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ ni Èkìtì fi jáde nínú ìṣẹ́: Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó ní 1933, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dé ní 1955, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì ń dáwó kọ́ ilé ìwé. Mi ò ní Kírìjì ló bí i, ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni pẹ̀lú ti ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ ní Èkó, kí ọmọ tó wà lẹ́yìn odi máa ru ẹrù ilé. 

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni ìtàn ti kúrò ní kíláàsì ìpìlẹ̀ bí iṣẹ́ tó dá dúró, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní 2018 pé kó padà. Àṣẹ nìkan kò tó. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìlógbò, Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ fi àdéhùn 1886 lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á ní apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ èyí tí àwọn ìbá kọ̀ láti fọwọ́ sí.