Ọ̀fẹ́ Lórí Ìwé: Láti "Ali Must Go" Dé Owó NELFUND

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́, ẹ bá mi gbé ohùn fóònù yẹn sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gba owó NELFUND yẹn? Màámi ní gbèsè ni, pé kí n má fọwọ́ kàn án." Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Èrò mi ni pé màá kàn ka òfin rẹ̀, kí n sì fún un lésì. Àfi bí mo ṣe bá ara mi ní 1978.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1977, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fagi lé owó ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn òbí yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ ìwé. Yóò jẹun, yóò sì rí ibi sùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń san owó méjèèjì yìí, ìjọba kàn ń bá wọn gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà ni. Nígbà tó di 1978, wọ́n fi kún owó oúnjẹ àti owó bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá gbọ́ iye tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ lójúmọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín, torí kọ́bọ̀ ni wọ́n ń kà nígbà náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́dún yẹn.

Ségun Òkéowó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, NUNS. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ fún ìjọba àpapọ̀. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde sí títì ní oṣù kẹrin, wọ́n ń pariwo "Ali Must Go", pé kí Ali máa lọ. (Ẹ má ṣe é pọ̀ mọ́ àpò Ghana Must Go o. Ti 1983 nìyẹn, ìtàn ọjọ́ mìíràn ni.) Ìjọba rán ọlọ́pàá àti ṣójà sí wọn. Wọ́n yìnbọn. Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tó kú. Àwọn mìíràn kú ní Sàríà. Ìjọba fòfin de NUNS, wọ́n lé Òkéowó kúrò níléèwé, Ifẹ̀ ló ti wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tó yá.

Ohun tó dá mi dúró níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún yẹn. Ọ̀fẹ́ pátápátá. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kú lórí owó oúnjẹ àti owó ibùsùn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ràn sẹ́nikẹ́ni lẹ́nu mọ́ tó bá ní iléèwé kan "ò wọ́n". Iye tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì lọ́tọ̀, iye tó ń jáde lápò lọ́tọ̀. Iléèwé ìjọba ni mo lọ. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kéré, bàbá mi máa ń fi yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó tí a san ká tó lè sọ pé a gba àyè tí wọ́n fún wa. Ẹ ka owó ẹ̀ka, owó háńdáàtì tí ẹ ò lè kọ̀, owó ọ̀kadà, owó dátà. Họ́sítẹ̀lì ti kún, nítorí náà ẹ ka owó ilé ìta. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá. Lándìlọ́ọ̀dù mi kò bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Mo san owó ilé ọdún kan gbáko, oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀, ilé àwọn òbí mi ni mo wà. Kò sí rìsíìtì kankan tó ka ìyẹn mọ́ iye tí ẹ̀kọ́ mi ná wa.

Ta ló wá ń bá èèyàn gbé e? Láyé àtijọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a máa dá owó jọ. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò rán ọmọ 6 lọ sókè òkun láti kàwé. Gbèsè nìyẹn náà, àmọ́ gbogbo ìlú lo jẹ ẹ́, kò sì síbi tí o fẹ́ sá gbà.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ní 1972, wọ́n ṣe òfin tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó sílẹ̀. Wọ́n yá wọn lóòótọ́. Gbígbà á padà ni wàhálà: ọ̀pọ̀ tó yá a kò san án. Ní 1993, wọ́n sọ ọ́ di Báńkì Ẹ̀kọ́, òun náà kò dàgbà. Láàárín méjèèjì, ní 1984, ìjọba ti ti káńtíìnì tó ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì pa. Oúnjẹ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yìnbọn pa ọmọ ní 1978, lẹ́yìn ọdún 6, kálukú ló ń dá a sè.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Báńkì Ẹ̀kọ́, ní 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó tuntun. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, ká sọ tòótọ́, kò ṣeé lò. Owó tó ń wọlé fún ẹbí rẹ kò gbọdọ̀ tó ₦500,000 lọ́dún, o sì gbọ́dọ̀ wá onídùúró méjì, irú bí òṣìṣẹ́ ìjọba onípò gíga tàbí agbẹjọ́rò. Ọmọ tálákà wo ló mọ agbẹjọ́rò méjì? Wọ́n fagi lé e, wọ́n ṣe òmíràn, Ààrẹ buwọ́ lù ú ní 3 oṣù kẹrin 2024. Kò béèrè onídùúró mọ́. NELFUND ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé ìjọba tí o wà, o sì tún lè gba ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Kò sí èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí o sì níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ₦20,000 yẹn nìkan. Ká ní o gbà á fún oṣù 9 lọ́dún, fún ọdún 4: ₦720,000. Ká wá ní owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, ₦70,000, ni o ń gbà: ₦7,000 ni wọ́n á máa yọ. Yóò gbà ọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ààbọ̀, a ò sì tíì ka owó iléèwé gan-an mọ́ ọn.

Ó ń bani lẹ́rù, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, kó tó di pé mo ronú kan ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Ó lè ṣe é fún ogún ọdún, kí gbèsè gan-an má dín ní kọ́bọ̀ kan. Irú gbèsè tí Màámi ń bẹ̀rù nìyẹn, ó sì tọ́ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti NELFUND ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí o bá san. Bí náírà sì ṣe ń fẹ́lẹ́ yìí, ₦7,000 ọdún kẹjọ kò ní wúwo bíi ti ọdún kìíní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, owó ọjà tó ń gòkè ń ṣe onígbèsè lóore.

Mo pe àbúrò mi padà. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n san owó iléèwé. Ní ti ₦20,000 oṣooṣù, mo ní kó kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tó ń ná lóṣù kan sílẹ̀, títí kan ẹ̀bà alẹ́, kó wo iye tí ilé ń fi ránṣẹ́, kó wá yá kìkì oṣù tí àlàfo bá wà níbẹ̀ gan-an, tí wọ́n bá gbà á láyè láti yàn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó háńdáàtì ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn ò sí nínú òfin kankan. Mo fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí i.