Owó Bodè, Owó Tábà àti Ìlera Ará Ìlú

Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí ìjọba fi kún owó-orí tábà, kí a sì fi owó náà tọ́jú ìlera ará ìlú. Mo fẹ́ kí a ti Ìjẹ̀bú wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ìtàn owó bodè kì í ṣe àjèjì níhìn-ín.

Ní ayé àtijọ́, Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn, ọtí àti tábà ń gba ọjà bí Èjìnrìn kọjá, àwọn oníbodè a sì gba owó lórí ẹrù. N kò sọ pé mẹ̀kúnnù jẹ nínú owó náà. Awùjalẹ̀ àti àwọn olóyè ni ó kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san án mọ ààfin tí ó ń lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn ní Èkó pé kí owó bodè dópin, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì máa fún Awùjalẹ̀ ní £500 lọ́dọọdún. Àdéhùn náà kò dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ogun Ìmàgbọn ṣẹlẹ̀, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ǹjẹ́ owó orí tábà dópin bí? Rárá o. Bodè nìkan ni ó ṣí kúrò. Èbúté Èkó ni ìjọba ti ń gba owó lórí tábà àti ọtí, ará Ìjẹ̀bú tí ó ra ọjà náà kò sì ní ibi tí yóò ti béèrè ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe.

Àlàfo yìí kò tíì dí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi náírà 1 lé orí ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú 100 tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó di náírà 2 ní 2019, àti náírà 2.90 ní 2020. Àṣẹ náà kò so owó yìí mọ́ ìlera. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 ti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè dá san owó tiwọn. Àpò wà, owó tí ó dájú ni a ń wá.

Ní 2012, orílẹ̀-èdè Philippines fi kún owó-orí tábà àti ọtí. Inú òfin náà gan-an ni wọ́n ti yan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àfikún náà fún ìlera, wọ́n sì ya ìpín sọ́tọ̀ fún agbègbè àwọn àgbẹ̀ tábà. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn yẹ fún irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí àwọn amusìgá bá dín kù, owó náà yóò dín kù. Òtítọ́ ni. Nítorí náà, kí a má ṣe fi í ṣe òpó kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí ó yè jẹ́ èrè pẹ̀lú.

Ní èrò tèmi, kí òfin sọ ibi tí owó náà ń lọ, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ fún ará ìlú lọ́dọọdún. Ẹni tí ó san owó bodè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ọ̀nà náà já sí.