HER2: Jíìnì tó ń fi irú jẹjẹrẹ ọyàn hàn

Orúkọ kan ṣoṣo ni a ń pe àrùn jẹjẹrẹ ọyàn, ṣùgbọ́n lójú àwọn onímọ̀ ìṣègùn, oríṣiríṣi àrùn ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní HER2, tàbí ERBB2, ni wọ́n fi ń dá ọ̀kan nínú wọn mọ̀. Láti ọdún 1998 ni oògùn tó dojú kọ ọ́ ti wà, ṣùgbọ́n láìsí àyẹ̀wò, kò sí dókítà tó lè mọ ẹni tí oògùn náà tọ́ sí.

Orí krómósómù kẹtàdínlógún ni jíìnì yìí wà. Ẹ̀dà méjì ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara tó pé: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti darí bí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe ṣe purotéènì kan tí òun náà ń jẹ́ HER2.

Bí adènà ààfin ni purotéènì yìí rí. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí, apá kan rẹ̀ wà níta, apá kejì wà nínú. Àwọn ẹbí rẹ̀, HER1, HER3 àti HER4, ló ń gba iṣẹ́ tí ara bá rán sí sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá gba iṣẹ́ nínú wọn lè so mọ́ HER2. Ẹ́ńsáìmù ni apá inú HER2. Yóò lẹ fọ́sífétì mọ́ àwọn purotéènì, iṣẹ́ náà yóò sì máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ibi tí a ti ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà, kí ó sì pín sí méjì.

Nínú bíi 15 sí 20 nínú 100 jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ̀dà jíìnì yìí máa ń pọ̀ kọjá ààlà. Àwọn adènà á wá kún ẹnu ọ̀nà, wọn á máa so mọ́ ara wọn, wọn á sì máa pàṣẹ ìdàgbàsókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Ìyípadà yìí kì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Inú kókó ọyàn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àbùkù jíìnì BRCA1, èyí tí òbí lè fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ọdún 1985 ni Axel Ullrich, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ Genentech ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé jíìnì náà. Ní 1987, Dókítà Dennis Slamon ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ kókó ọyàn obìnrin 189 wò. Wọ́n rí i pé àrùn náà máa ń tètè padà sára àwọn tí HER2 wọn pọ̀ jù, wọn kì í sì í pẹ́ láyé bí àwọn yòókù.

Ìwádìí yìí ló bí oògùn trastuzumab, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Herceptin. Yóò lẹ̀ mọ́ apá ìta HER2, yóò dí i lọ́wọ́, yóò sì pe àwọn ọmọ ogun ara wá bá sẹ́ẹ̀lì náà jà. Ní 2005, àwọn ìwádìí ńlá fi hàn pé bí a bá fi kún ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí kò tíì tàn kálẹ̀, ó ń dín ewu pé àrùn náà yóò padà wá kù ní nǹkan bí ìdajì. Àmọ́ ó lè pa ọkàn lára, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa yẹ ọkàn aláìsàn wò.

Ara ègé kókó tí dókítà bá gé ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò HER2. Òǹkà tí yóò jáde jẹ́ 0, 1, 2 tàbí 3. Bí ó bá jẹ́ 3, HER2 pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ 2, kò tíì dájú, wọn yóò ní láti ka iye ẹ̀dà jíìnì náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 0 tàbí 1, kò pọ̀ jù. Láti 2022, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn mìíràn, trastuzumab deruxtecan, fún àwọn kan tí HER2 wọn kéré ṣùgbọ́n tí àrùn wọn ti tàn kálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal fi hàn pé irú jẹjẹrẹ tí kò ní HER2 púpọ̀, tí kò sì gbára lé èròjà homonu, wọ́pọ̀ láàrin wọn. Trastuzumab kò wúlò fún irú èyí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà láàrin wọn tí HER2 wọn pọ̀ jù, àwọn wọ̀nyí sì ni a lè pàdánù bí a kò bá ṣe àyẹ̀wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi trastuzumab sínú àkójọ àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí láti 2015. Ní 2019, ó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tó jọ ọ́, tí owó rẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, síbẹ̀ kì í ṣe owó tí gbogbo mẹ̀kúnnù lè san. Ẹni tí wọ́n bá gé kókó lọ́yàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: kí ni èsì HER2 mi? Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ká tó wo àìsàn, ó yẹ ká mọ irú èyí tó jẹ́.