Owó Kòkó àti Eré Ṣíṣe ní Agbègbè Àkànràn, Láti 1940 Títí Di Òde Òní

Ìtàn eré àti orin ní ilẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti sábà máa ń kọ ọ́, ìtàn ìlú ńlá ni. Orúkọ Ìbàdàn, Òṣogbo àti Èkó ni ó máa ń jáde; abúlé kò ju ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn òṣèré ń gbà kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé owó tí wọ́n fi ń san eré yóò rí i pé inú oko kòkó ni ipasẹ̀ owó náà wọ̀, Àkànràn sì wà lára ibi tí ó ti hàn kedere.

Àkànràn wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti 1989 ni ó ti jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ṣùgbọ́n oko Ìbàdàn ni kí ó tó di ìlú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ni ó ní agboolé ní ìgboro, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní ilé. Oko ni wọ́n ti ń rí owó, ilé ni wọ́n ti ń ná an. Bí ọdún egúngún bá dé, tàbí òkú àgbà, tàbí ìgbéyàwó, ilé ni wọn yóò lọ. Onílù náà mọ ọ̀nà oko nígbà tí àgbẹ̀ bá ti ta kòkó. Ohun tí ó yẹ kí á fiyè sí nínú ètò yìí ni pé ẹni tí ń sanwó àti ẹni tí ń gbowó dúró lójú ara wọn. Àyàn tí kò mọ oríkì agboolé àgbẹ̀ kò lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ìtàn ìdílé gan-an ni ọjà tí onílù ń tà.

Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ní 1945 ó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Láti ìgbà náà ni ètò mìíràn ti wọlé: owó ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò tí ń fi èdè Yorùbá ṣeré ti lé ní ọgọ́rùn-ún, àkókò tí owó kòkó bá sì wà nílẹ̀ ni ọjà wọn máa ń tà jù ní àwọn ìlú olóko. Ẹni tí ó bá san owó ẹnu ọ̀nà ti di èrò ìwòran; òṣèré kò ní láti mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ìdí nìyí tí eré fi yí sí ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo ènìyàn: orogún, owó àìmọ́, àjẹ́, ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Oríkì kò kúrò lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n oríkì ọba inú ìtàn ni, kì í ṣe ti Làmídì tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú.

Owó kòkó kan náà ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947, ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó rẹlẹ̀ sí ti ọjà àgbáyé. Èyí tí ó ṣẹ́ kù di àpò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lára owó tí ó wọ àpò yìí ni ìjọba ti rí agbára dá ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959. Ilé Kòkó náà parí ní 1965. Amóhùnmáwòrán kò sì ṣeé wò láìsí iná mànàmáná, iná kò sì tíì dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé olóko nígbà náà. Àgbẹ̀ ti sanwó eré tí kò lè wò.

Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé nítorí eré ni àwọn àgbẹ̀ ṣe dìde ní 1968. Owó orí, ìwà àwọn akódà àti iye tí wọ́n ń ra kòkó ni ó fa Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè ará Àkànràn jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn yóò san. Nígbà tí ìjọba yóò fi gbà ní 1969, £2 ni ó fi àbọ̀ sí. Síbẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni: iṣẹ́ oko ni ó ń kọ́ ìgboro, oko kò sì rí nǹkan kan padà.

Asọ̀rọ̀mágbèsì oníbátìrì ni ó kọ́kọ́ dá nǹkan díẹ̀ padà fún oko, nítorí kò béèrè iná. Ọ̀nà yìí ni ewì gbà wọ abúlé. Ọlánrewájú Adépọ̀jù, tí wọ́n bí ní 1940 tí ó sì kú ní 2023, ọmọ abúlé ẹ̀bá Ìbàdàn ni. Òun ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Orí afẹ́fẹ́ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dá ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀, Lanrad, sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ra àwo rẹ̀ lè gbọ́ ọ nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n àwo kò lè wo ojú ẹni kí ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní 1976 ni Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé *Àjàní Ògún* jáde. Ògúndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú *Ayé* ní 1979. Sinimá wù àwọn òṣèré nítorí pé kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé jí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, jẹ gbèsè ńlá nígbà tí àwọn olè dà *Ọ̀run Mooru*, sinimá rẹ̀ ti 1982, kọ tí wọ́n sì ń tà á.

Ọdún 1986 ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Ìjọba tú Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká, náírà sì já wálẹ̀. Àwọn tí ó sọ pé òṣì àgbẹ̀ ni ó pa eré alárìnjò kò wo ọdún yìí dáadáa. Iye náírà tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó gòkè lọ́dún náà. Owó fíìmù, ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti epo ni apá òṣèré kò ká mọ́. Ẹni tí yóò sanwó wà ní oko, ẹni tí yóò wá gbà á ni kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, àwọn òṣèré ti kó sínú fídíò.

Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo eré Yorùbá. Ẹni tí ń sanwó tún ti yí padà: olùpolówó ọjà ni, tí kò mọ Àkànràn, tí kò sì gbọ́ èdè. Iye ojú tí ó wo eré ni ó ń kà. Onílù ṣì ń jáde níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n bí ọmọ agboolé kò bá mọ oríkì tirẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, kò ní mọ̀ bóyá onílù ṣì í pè, yóò sì sanwó kan náà. Níhìn-ín ni àdánù wà, kì í ṣe lára ẹ̀rọ.

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé *Aníkúlápó* jáde lórí Netflix ní 2022. Ìgbójáyè, ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ó kọ́ abúlé tí ó ti ya eré náà sí: ilé alámọ̀, ààfin, ọjà. Nígbà kan rí, òṣèré a máa kó eré wá sí oko kí àgbẹ̀ lè wò ó. Nísinsìnyí, oko ni ó ń wá kí ó lè yà á.