Ẹ̀tanú Ìgbà Ogun àti Ìfẹ́ Ẹ̀yà Méjì nínú Snow Falling on Cedars

Ní 1994 ni David Guterson, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn àròsọ Snow Falling on Cedars jáde. Ó gba ẹ̀bùn PEN/Faulkner ní 1995, ó sì di fíìmù ní 1999. Ẹjọ́ ìpànìyàn kan ní oṣù Kejìlá 1954, ní erékùṣù San Piedro ní ìpínlẹ̀ Washington, ni òpó ìtàn náà. Òǹkọ̀wé ló fọkàn dá erékùṣù yìí, ṣùgbọ́n irú ìyà tí àwọn ìran Jàpáànù jẹ níbẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn tí Jàpáànù kọlu Pearl Harbor, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066 ní oṣù Kejì 1942. Wọ́n kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Jàpáànù lọ sí àgọ́ ìhámọ́, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí.

Ishmael Chambers, ọmọ oníwèé-ìròyìn, àti Hatsue Imada, ọmọ àgbẹ̀ stróbẹ́rì, jọ dàgbà ni. Inú ihò igi sídà kan nínú igbó ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Bí wọ́n bá pàdé nílé ìwé, wọn a ṣe bí ẹni tí kò mọra. Ní àgọ́ Manzanar, níbi tí wọ́n kó ìdílé Hatsue lọ, lẹ́tà Ishmael bọ́ sọ́wọ́ ìyá Hatsue, àṣírí tú. Hatsue kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sí i, ó sì fẹ́ Kabuo Miyamoto. Òótọ́ ni pé ìyá yìí kò fọkàn tán aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, ẹ̀rù ẹni tí wọ́n tì mọ́lé kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹ̀tanú ìjọba tó tì í mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dùn mí jù. Díẹ̀díẹ̀ ni bàbá Kabuo ń san owó éékà méje fún bàbá Carl Heine, ẹni tí ẹjọ́ ìpànìyàn náà dá lórí ikú rẹ̀. Òfin kò gba ẹni tí wọ́n bí sí Jàpáànù láyè láti ní ilẹ̀, nítorí náà Kabuo, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ni ilẹ̀ náà máa jẹ́ tirẹ̀ tó bá dàgbà. Ó ku owó ẹ̀ẹ̀mejì péré kí ìjọba tó kó wọn lọ. Bàbá Carl kú. Etta, opó rẹ̀, ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ìgbà tí Kabuo ti ojú ogun dé, níbi tó ti jà fún Amẹ́ríkà, ló tó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá bá òkú Carl nínú àwọ̀n ẹja rẹ̀, Kabuo ni wọ́n mú. Ó jókòó nílé ẹjọ́, ojú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n sì ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí àmì ọ̀daràn. Ishmael, tó pàdánù apá kan nínú ogun pẹ̀lú Jàpáànù ní Tarawa, rí àkọsílẹ̀ nílé iná atọ́nà ọkọ̀ pé ọkọ̀ òkun ńlá kan gba ibi tí Carl wà kọjá lóru tó kú, ìgbì rẹ̀ sì lè gbé Carl ṣubú. Ó fi í sápò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní àkókò yẹn, ọgbẹ́ ìfẹ́ rẹ̀ ń bá ẹ̀tanú erékùṣù náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìgbà tó mú un jáde ni wọ́n tú Kabuo sílẹ̀.

Lóru ọjọ́ tí Carl kú, nínú kùrukùru lójú omi, Kabuo yá a ní bátìrì. Carl, tó ti ṣètò láti ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí Etta tà á fún, sì gbà láti ta éékà méje náà padà fún un. Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀.