Àmì Ìtàn Nílẹ̀ Ẹ̀gbá: Ta Ni Yóò Ri Pátákó Òwu Mọ́lẹ̀?

Bí àlejò bá ní kí wọ́n fi ìtàn Abẹ́òkúta han òun, ibi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń mú un lọ: Àpáta Olúmọ, ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké, àti Ìta Ìyálóde tí ère Tìnúbú wà. Wọn kò ṣì í lọ́nà. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ kó kúrò ní Ìbàdàn forí pamọ́ sí ní 1830. Ní 1846 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Aké lélẹ̀. Tìnúbú ní tirẹ̀ kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun nígbà tí Dàhòmì gbógun ti ìlú, ó sì jẹ Ìyálóde ní 1864. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbé dání, ìyẹn ni bí Òwu ṣe di ara Abẹ́òkúta.

Ìlú olódi tó lágbára ni Òwu kó tó tú. Ọjà Àpòmù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń ta àwọn ará Ọ̀yọ́ lẹ́rú. Òwu lọ fi ìyà jẹ àwọn ìlú Ifẹ̀ tí wọ́n ń gba irú òwò bẹ́ẹ̀ láyè, Ifẹ̀ sì di í sínú. Nígbà tó ṣe, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Àpòmù kan náà, wọ́n ní ẹni tó ra atare kà á, iye rẹ̀ kò pé. Atare lásán! Ni Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ bá ṣe ara wọn lọ́kan, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun Fúlàní ti lé kúrò nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n dó ti Òwu fún ọdún púpọ̀. Samuel Johnson, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, sọ pé àgẹ̀dẹ̀ǹgbé ni Òwu fi ń jà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú. Ó ní ebi inú odi ló mú kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi pòpòǹdó, irú ẹ̀wà kan, ṣe oúnjẹ, tí àwọn tó dó tì wọ́n sì fi ń kọrin bú wọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ pòpòǹdó yìí jẹ́ kí n rí ogun náà ju orúkọ gbogbo balógun tó wà nínú ìwé lọ.

Òwu wó. Àwọn aṣẹ́gun pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́ mọ́. Ìkijà, ìlú Ẹ̀gbá tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí Òwu nígbà tí ogun dó tì í, ni wọ́n yà sí láti gbẹ̀san. Lẹ́yìn Ìkijà, àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù nínú igbó ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwu fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn sì wá sí Abẹ́òkúta ní 1834. Ọdún 1855 ni Olówu àkọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, Pawu ni orúkọ rẹ̀. Ibùdó àtijọ́ náà, Orílé-Òwu, wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé. Àwọn ènìyàn ti padà síbẹ̀, wọ́n sì ní Olówu tiwọn.

Àmì ìtàn tó pọ̀ jù ní Abẹ́òkúta, orí òkúta kọ́ ló wà, ẹnu ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ tó ń pe èrò ló wà. Ìkijà, Kémta, Ìtokù, Ìjẹmọ̀, Ìgbẹ̀ìn: odindi ìlú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ rí nínú igbó Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun tú wọn, wọ́n gbé orúkọ àti oyè wọn wá sí abẹ́ Olúmọ, orúkọ ìlú wá di orúkọ àdúgbò. Ọmọ ilé-ìwé tó ní kí wọ́n já òun sí Ìkijà lè máà mọ̀ pé ìlú tí wọ́n tú nítorí pé ó fún Òwu lóúnjẹ ló ń dárúkọ. Ìtàn wà nínú orúkọ Àró náà, níbi tí ogun Dàhòmì ti kọlu odi ìlú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851.

Àwọn ará ibòmíràn kò fi irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fún ẹnu nìkan. Láti 1927 ni ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ti ń ri pátákó irin sẹ́bàá títì láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní Timbuktu, létí aṣálẹ̀ Sàhárà, pátákó wà lára ilé tí Heinrich Barth dé sí ní 1853 àti èyí tí René Caillié dé sí ní 1828. Òyìnbó tó wá sùn fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n fi sí ìrántí. Kí àwa náà ṣọ́ra fún irú èyí. Orúkọ Townsend àti Freeman, àwọn míṣọ́nnárì, kò lè parẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ti Akínjọbí, Olówu tí ogun náà ká mọ́ orí oyè, ni mo ń bẹ̀rù.

Kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ Òwu ri pátákó kan mọ́lẹ̀ ní Àgó Òwu, ọ̀kan ní Ìkijà, ọ̀kan ní Àró, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì fi ọdún sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn àgbà tó lè tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbì kan ṣì wà láyé.