Spíìdì límítà nínú ọkọ̀ akérò: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akérò tí kò ní spíìdì límítà. Kó tó di ọjọ́ yẹn, wọ́n ti sún ètò náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti ìgbà náà, ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń fi èrò tàbí ẹrù ṣòwò ní ẹ̀rọ yìí, kí awakọ̀ má baà lè sá eré àsápajúdé, àní bó bá tiẹ̀ fẹ́ sá a.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ ní Oshodi àti Isolo. Oshodi ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn, Benin, Onitsha àti òkè ọya. Ọ̀nà márosẹ̀ Apapa sí Oshodi ló sì gba ẹ̀gbẹ́ Isolo, Cele àti Ilasamaja kọjá, tí tírélà, táńkà, dánfó àti ọkọ̀ aládàáni jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀rọ kékeré ni spíìdì límítà, ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, èrò kì í sì í rí i. Bí wọ́n bá ti fi í sínú ọkọ̀ tán, ta ló ń mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ohun tí òfin sọ nípa eré

Òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 ni FRSC dì mú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀n eré tí ìwé ìlànà àjọ náà fàyè gbà nìyí, ní kìlómítà láàárín wákàtí kan:

- Bọ́ọ̀sì akérò àti takisí: 50 nígboro, 80 lójú títì tó já ìlú sí ìlú, 90 ní ọ̀nà márosẹ̀.
- Ọkọ̀ aládàáni: 50 nígboro, 80 lójú títì, 100 ní ọ̀nà márosẹ̀.
- Tírélà àti táńkà: 45 nígboro, 50 lójú títì, 60 ní ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ wo ti bọ́ọ̀sì dáadáa. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá dì sórí 90 kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti wọ ìgboro. Bí dánfó bá ń sá 80 nítòsí ilé ìwé kan ní Isolo, ẹ̀rọ náà kò ní dí i lọ́wọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti fi 30 kọjá ohun tí òfin gbà. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni èyí jẹ́. Ẹ̀rọ kò lè bá wọn ṣe é.

Eré ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí eré ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ nílé á tètè yé. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí iná tó ń mú wá lè bá èyí tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ń lò mu. Ohun tó ń mú un dúró sójú kan ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní gọ́fánọ̀. Kì í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ là ń wí o! Bí wọ́n bá tan áyọ́ọ̀nù, gọ́fánọ̀ á jẹ́ kí epo wọlé sí i. Bí wọ́n bá pa á, á dín epo kù. Bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ bá lọ yí sípíríǹgì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí ju bó ṣe yẹ lọ, iná á ga jù, gílóòbù á sì máa jó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1788 ni James Watt, ará Scotland, ti fi irú rẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ ní gíà, jẹnẹrétọ̀ kò ní. Ẹ́ńjìnnì lè máa yí ní ìgbà 3,000 nígbà tí ọkọ̀ wà ní gíà kìíní, kí ọkọ̀ sì máa rá pálá. Yíyí yẹn kan náà ní gíà karùn-ún á gbé e sáré gan-an. Ìdí nìyí tí kíka yíyí ẹ́ńjìnnì nìkan kò fi tó. Spíìdì límítà gbọ́dọ̀ mọ bí táyà ṣe ń yí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ rẹ̀ pín sí. Àkọ́kọ́, wáyà kan máa ń wá láti ìdí gíà tàbí láti ibi tí aago spíìdì ti ń gba ìròyìn, á máa sọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára sí. Ẹ̀ẹ̀kejì, àpótí kékeré kan á máa fi ìròyìn yẹn wé ìwọ̀n tí wọ́n ti dì sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí ọkọ̀ bá ti dé ìwọ̀n náà, àpótí ọ̀hún á dín epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì kù. Nínú àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń fi iná mànàmáná gba àṣẹ láti ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ẹ̀rọ náà á dá àṣẹ yẹn dúró lójú ọ̀nà. Awakọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ títí kẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ọkọ̀ kò ní fi ipá kọjá ibẹ̀.

Àmọ́ irú èyí kì í tẹ bíréèkì fún awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo rẹ̀ lè gbé e kọjá ìwọ̀n tí wọ́n dì. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló máa dá a dúró níbẹ̀.

Ohun tó wà láàárín 90 àti 120

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn tó kìlómítà 127. Bí ọ̀nà bá já geere, ẹni tó bá ń sá 90 á lò tó ìṣẹ́jú 85. Ẹni tó bá ń sá 120 á lò tó ìṣẹ́jú 64. Gbogbo èrè eré àsápajúdé kò ju bí ìṣẹ́jú 21 lọ, gosiló kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń ra ìṣẹ́jú 21 yẹn. Lórí eré 90, ọkọ̀ ń lọ mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lórí eré 120, ó ń lọ mítà 33. Gbogbo ìyẹn á ti lọ kí awakọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ dé orí bíréèkì. Bó bá wá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ tó bá lè dúró láàárín mítà 50 lórí eré 90 á nílò tó mítà 89 lórí eré 120, lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú bíréèkì kan náà. Ẹni tó ń sọdá títì tàbí tírélà tó takú sójú ọ̀nà lè wà láàárín mítà 39 tó fi lé yẹn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí ìpíndọ́gba eré ojú ọ̀nà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ewu ìjàǹbá tó ń gbẹ̀mí á fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Lọ́dọọdún ni FRSC náà máa ń ka eré àsápajúdé mọ́ olórí ohun tó ń fa ìjàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ

FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ló ń rí sí bí ẹ̀rọ náà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ VIS ló ń yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó yẹ lójú pópó. Àwọn LASTMA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2000, ń darí ọkọ̀ kí gosiló má baà pọ̀.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Ọ̀kan ni wíwo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: ṣé ó wà nínú ọkọ̀, ṣé ìwé rẹ̀ pé, ṣé èdìdì rẹ̀ kò já, ṣé wáyà rẹ̀ ṣì so mọ́ra? Èkejì ni wíwọn eré ọkọ̀ lórí ìrìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń na ẹ̀rọ rédà sí ọkọ̀ láti ọ̀ọ́kán, á sì sọ iye eré tó ń sá.

Nígbà tí wọ́n bá pa àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀ ni àṣírí máa ń tú. Bí ìwé bọ́ọ̀sì kan bá sọ pé wọ́n ti dì í sórí 90, tí rédà sì ka 115 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí àlàyé kankan mọ́. Bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni o, bóyá ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án, ọkọ̀ yẹn kò yẹ kó kó èrò lọ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ jẹ

Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ẹ̀rọ tó ń fi wáyà gba ìròyìn, ẹni tó bá mọ wáyà náà lè já a. Ẹ̀rọ tí wọ́n lè dì sórí 90, wọ́n lè yí i sórí iye mìíràn. Ẹlòmíràn á so ó padà bó bá ti ń sún mọ́ ibi tó mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Ẹlòmíràn kò ní ju ìwé lọ. Ẹ̀rọ kò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀ rárá.

Kì í ṣe pé gbogbo awakọ̀ burú. Awakọ̀ tó ní iye owó tó gbọ́dọ̀ jí fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé bí òun bá pẹ́, elòmíràn ló máa kó èrò òun. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan, ìyà á jẹ ẹ́. Bó bá wà nínú gbogbo ọkọ̀ gáréèjì, tó sì ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọwọ́ olówó ọkọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀, torí òun ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn

Ní Kenya, lọ́dún 2004, John Michuki tó jẹ́ mínísítà ìrìnnà pàṣẹ pé kí gbogbo matatu, tó dà bíi dánfó ti wa, ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kọjá 80, kí èrò sì máa de bẹ́líìtì. Ìtẹ̀lé rẹ̀ le níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbójútó dẹ̀, àwọn awakọ̀ náà dẹ̀.

Ní Yúróòpù, láti ọdún 1994 ni tírélà ńláńlá ti ń lo ẹ̀rọ tó dá wọn dúró ní 90. Ilé iṣẹ́ tó gba àṣẹ nìkan ló lè fi í sí i, èdìdì sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ ìtàn eré rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ lè kà lẹ́yìn ìrìn.

Àwọn tó ń fi katakata ṣeré ìdárayá náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìdíje kan wà tí katakata á máa wọ́ ẹrù kan tó ń wúwo sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹni tó bá wọ́ ọ jìnnà jù ló gbégbá orókè. Ní àwọn ìsọ̀rí kan, wọ́n máa ń fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì lè yí láàárín ìṣẹ́jú kan lélẹ̀, torí yíyí àyíjù lè fọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kó sì fò lu òǹwòran. Àwọn alábòójútó kì í gba aago tó wà níwájú awakọ̀ gbọ́. Ẹ̀rọ ìkàwé tiwọn ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n á pàdánù ìwọ́ rẹ̀. Okùn kan tún máa ń wà lẹ́yìn katakata náà: bó bá já kúrò lára ẹrù, okùn ọ̀hún á fa ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan náà ló ń mú òfin múlẹ̀ níbi gbogbo wọ̀nyí. Ẹni tí kò ní èrè kankan nínú eré náà ló gbọ́dọ̀ di ìwọ̀n náà mú.

Ohun tí èrò lè ṣe

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo aago spíìdì bí ẹ bá jókòó níwájú. Bọ́ọ̀sì tó bá ń kọjá 90 lórí ọ̀nà márosẹ̀ ti rú òfin, ẹ kò nílò rédà láti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," kí àwọn èrò yòókù sì gbè é lẹ́yìn. Awakọ̀ máa ń gbọ́ ohùn èèyàn mẹ́wàá ju ti ẹnì kan lọ.

Ẹ kọ nọ́mbà ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra ní gáréèjì. Ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́mbà fóònù mọ̀lẹ́bí kan sínú ìwé èrò bí wọ́n bá gbé e wá. Bí awakọ̀ bá kọ̀ tí kò gbọ́, ẹ pe FRSC lórí 122. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ nọ́mbà ọkọ̀, ibi tí ẹ wà àti ibi tí ẹ kọrí sí. Fún ìjàǹbá ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè.